Ó Le Kú, Ìjà Òrè: Lẹ́yìn Òrè Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Dubai àti ní Sharjah, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwàdà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù October 2025, púpọ̀ nínú wa péjọ sí ilé ọ̀kan nínú wa ní Al Nahda, ní apá ti Sharjah. Ẹ mọ bí ìpàdé wa ṣe máa ń rí. Bí akọ̀wé bá ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá tán, tí akápò sì ti dárúkọ àwọn tó jẹ gbèsè owó oṣù, oúnjẹ àti eré ló kù. Mọ́ínmọ́ín wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọpọ́n ayò náà wà. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa méjì ń ta ayò, ọ̀kan sì na èkejì ní ànàdákú. Ẹnì kan bá kígbe pé, "Ó le kú, ìjà Òrè!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ọmọ Asaba ni, ṣùgbọ́n Súrùlérè ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti ẹlòmíràn nínú wa tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Aláàfin lọ. Ó bá wa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọmọ tí a kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ìjà Òrè. Lẹ́yìn Òrè ńkọ́? Àwọn sójà tó ṣẹ́gun ní Òrè, ibo ni wọ́n gbà lọ?"

Ilé pa lọ́lọ́. Ẹnì kan ní Benin ni wọ́n gbà lọ. Ẹlòmíràn ní kí á fi ọ̀rọ̀ ogun sílẹ̀ jàre, oúnjẹ ń tutù. Ọmọbìnrin náà ní, "Ilé wa ni wọ́n gbà lọ." Ó jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀ tán, ó fọ abọ́, ó dágbére, ó sì lọ.

Ojú tì wá. Nínú gbogbo àwa tí a jókòó níbẹ̀, tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin, nípa ìṣègùn, nípa ìṣirò owó, ẹni méjì péré ló mọ ohun tó ń sọ, àwọn méjèèjì náà ló sì yára jù láti yí ọ̀rọ̀ padà. Ohun tó mú wa kọ èyí gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹni tó mọ̀ fi ń dákẹ́?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn tí kò mọ̀. Ní oṣù August 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra rékọjá Odò Ọya, wọ́n gba ẹkùn Mid-West, wọ́n sì dorí kọ Ìbàdàn àti Èkó. Òrè ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lé wọn padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù September, wọ́n gba Benin. Ní ọjọ́ 5 oṣù October, wọ́n wọ Asaba ní etí Odò Ọya, níbi tí a ti ń gba afárá kọjá sí Onitsha. Nígbà tí wọn yóò fi débẹ̀, àwọn ọmọ ogun Biafra ti sá rékọjá, wọ́n sì ti ba afárá náà jẹ́ lẹ́yìn ara wọn. Àwọn ará ìlú ló kù nílẹ̀. Àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé, wọ́n ń kó ẹrù, wọ́n ń pa ọkùnrin tí wọ́n bá bá nílé, wọ́n ní alátìlẹyìn Biafra ni wọ́n.

Àwọn àgbà ìlú gbìmọ̀. Wọ́n ní kí tọmọdé tàgbà jáde lọ kí àwọn sójà káàbọ̀, bóyá ọkàn wọn á rọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù October, wọ́n jáde lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní akwa ocha, tó jẹ́ aṣọ iyì lọ́dọ̀ wọn bí aṣọ òkè ti jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń jó, wọ́n ń kígbe pé Nàìjíríà kan ṣoṣo ni àwọn ń fẹ́. Nígbà tí wọ́n dé àdúgbò Ogbe-Osowa, àwọn sójà ya àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀, wọ́n kó àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó ti ń bàlágà jọ sójú kan, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Àwọn tó kú ní Asaba láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, àwọn olùwádìí sábà máa ń fojú bù ú sí láàárín 500 àti 1,000. Àwọn ìdílé kan wà tí ọkùnrin kan kò ṣẹ́kù nínú wọn.

Kí á má ṣe sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ òkú. Àwa Yorùbá mọ ohun tí ìsìnkú jẹ́. Ẹ mọ iye owó tí àwọn òbí wa ń yá nítorí kí wọ́n lè sin baba wọn bó ṣe yẹ. Ní Asaba, ihò kan náà ni wọ́n da ọ̀pọ̀ òkú sí, láìsí ètùtù, láìsí orin, láìsí ẹni tó dúró láti dárúkọ wọn. Ìyàwó kò mọ ibi tí orí ọkọ rẹ̀ wà. Àwọn tó rí òkú tiwọn gbé wálé, obìnrin ló gbé e, obìnrin náà ló sì gbẹ́ ilẹ̀.

A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ibẹ̀ kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò. Ní àgbègbè Aniocha, ní Ugbodu àti ní Ukwunzu, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń jẹ́ Olùkùmi, tí wọ́n ń sọ èdè tí ó jẹ́ ẹ̀ka ti Yorùbá títí di òní. Ọmọ ìyá wa ń gbé ní ìtòsí ibi tí ìbọn yẹn ti dún.

Ẹ wá wo bí èdè wa ti ṣe é. Ó mú Òrè, ó sọ ọ́ di àṣamọ̀. Àtọmọdé àtàgbà ń fi í ṣeré nídìí ayò, nídìí bọ́ọ̀lù, nídìí obìnrin. Asaba tí ó tẹ̀lé e láàárín oṣù méjì, pẹ̀lú ogun kan náà, lójú ọ̀nà kan náà, kò ní gbólóhùn kan ṣoṣo nínú èdè wa. A kò rò pé ẹnì kan jókòó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Òrè, àwa ni wọ́n ń bọ̀ wá bá, a sì bọ́. Ìtàn ẹni tó bọ́ dùn ún pa. Ní Asaba, àwọn tó gbà wá ní Òrè ló ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ tún wo orúkọ tí àwọn òbí wa fún ogun náà. "Ogun Ojúkwu" ni púpọ̀ nínú wọn ń pè é, bí ẹni pé ọkùnrin kan ló bá ara rẹ̀ jà láti 1967 títí di 1970, tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì fi ṣòfò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nípa ebi.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni ìbẹ̀rù. Wọ́n ní àlejò ni wá níhìn-ín, kí á má lọ kọ ohun tí yóò dá wàhálà sílẹ̀ nípa físà. A kò fi ojú kékeré wo ìyẹn. A jọ ń gbé pẹ̀lú àwọn ará Sudan ní Sharjah níbí. Wọ́n jẹ́ olùkọ́ wa, wọ́n jẹ́ dókítà, wọ́n jẹ́ ẹni tí a ń bá ra ẹran. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ìpàdé wa, ní ọjọ́ 26 oṣù October 2025, ìlú El Fasher ní Darfur bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ológun RSF, wọ́n sì pa àwọn ará ìlú nípakúpa. Láti January 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ pé ìparun ẹ̀yà ni RSF ń ṣe. Ìjọba Sudan gbé ìjọba UAE lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague, ó ní wọ́n ń ran RSF lọ́wọ́. Ìjọba ibí ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù May 2025, ilé ẹjọ́ náà yọ ẹjọ́ kúrò nílẹ̀, ó ní òun kò ní àṣẹ láti gbọ́ ọ. Kò tilẹ̀ dé orí bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. A ti kọ èyí bí ó ti wà lákọsílẹ̀, a sì fi í mọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí àlejò ṣọ́ ẹnu rẹ̀ kò ṣẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba físà lọ́wọ́ wa nítorí Asaba? Ọlọ́pàá wo ní Dubai ló bìkítà nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ létí Odò Ọya ní 1967? Kò sí. Síbẹ̀, bí a ṣe dákẹ́ lórí ti Sudan náà ni a ṣe dákẹ́ lórí ti Asaba, ohùn kan náà, ìṣesí kan náà, oúnjẹ ń tutù. Nítorí náà ìbẹ̀rù kọ́. A ń fi ìbẹ̀rù bo nǹkan mìíràn mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ wo inú àpò yín. Bí ogún náírà kan bá ṣẹ́kù síbẹ̀ láti ilé, ẹ yọ ọ́ jáde. Àwòrán ta ni ó wà lára rẹ̀? Ọ̀gágun Murtala Mohammed ni. Orúkọ rẹ̀ náà ló wà lára pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú wa ti sunkún dágbére fún ìyá rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ wá sí ìhín. Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka ọmọ ogun kejì, ẹ̀ka tí ó wọ Asaba. A kò wá síhìn-ín láti sọ pé òun ló fẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ. Àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn sójà náà wà, àti pé kò sí ẹnì kankan, kékeré tàbí àgbà, tí a gbé lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀.

Àwọn òbí wa sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba ní 1975 sí 1976, ó lé àwọn oníjìbìtì lẹ́nu iṣẹ́, ó dúró gbọn-in lórí ọ̀rọ̀ Angola, ó sì ń gun ọkọ̀ láàárín ìlú bí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 13 oṣù February 1976, àwọn àgbàlagbà sunkún ní òpópónà Èkó. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́. Asaba náà jẹ́ òótọ́. Ohun tí ó le fún ènìyàn láti ṣe ni kí ó gbé òótọ́ méjèèjì dání lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ á máa wúwo, ó sì rọrùn láti sọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ohun tí a rí nìyí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa. Àwọn ènìyàn kì í sẹ́ ìpakúpa nítorí pé wọn kò mọ̀. Wọ́n ń sẹ́ ẹ nítorí pé bí wọ́n bá gbà á, wọn yóò ní láti tún wo ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, wọn yóò sì tún bi ara wọn léèrè pé ta ló sanwó ìdáǹdè àwọn.

Ó ku èyí tí ó sún mọ́ wa jù, a ò sì ní fò ó. Bàbá wa Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣánnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun náà, òun sì ni igbákejì alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Àwọn Ìgbò kò dẹ́kun láti máa dárúkọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ebi tó pa àwọn ọmọ wọn, àti lórí ogún pọ́n-ùn tí wọ́n fún ẹni tó ní owó ní báńkì ní Biafra lẹ́yìn ogun, iye yòówù tí ì báà ti kó síbẹ̀. Ní 1983 ní Abẹ́òkúta, wọ́n bi í léèrè ní gbangba, ó sì dáhùn ní gbangba. Ó ní àwọn sójà ló ń gba oúnjẹ náà lọ́nà, kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ebi ń pa. Ẹ lè gba ìdáhùn yẹn, ẹ sì lè má gbà á. Àwa tí a jọ jókòó kọ èyí gan-an kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, a sì jiyàn títí di aago méjì òru. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé òun alára jẹ́ kí wọ́n bi òun. Àwa ọmọ rẹ̀ ni a ń ja ẹni tó bá bèèrè.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé, "Àwọn náà pa tiwa." Wọn kò purọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù January 1966, àwọn ọ̀dọ́ sójà pa Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa Ọ̀gágun Adémúlẹ́gun àti ìyàwó rẹ̀ ní Kaduna. Kí a sọ ìyẹn náà, ká má fi ọ̀kan pamọ́. Kí a sì sọ ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Ìgbò tí wọ́n pa ní Òkè Ọya lọ́dún kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó wọ aṣọ funfun tó ń jó ní Ogbe-Osowa, ta ni ó pa? Mid-West ni ìlú rẹ̀ wà, kì í ṣe Biafra, ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan Nàìjíríà sì ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìbọn bà á.

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, wọn kò tí ì bí wa. Ó dára. Ọjọ́ 20 oṣù October 2020 ńkọ́? A ti dáyé nígbà náà. Púpọ̀ nínú wa wà ní Èkó, àwọn kan nínú wa wà ní ẹnubodè Lekki fúnra wọn. A kò fi iye òkú Lekki wé ti Asaba o, a kò ya wèrè. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ó ti rí lára yín nígbà tí mínísítà ìròyìn, Lai Mohammed, sọ pé ìpakúpa tí kò ní òkú ni. Ẹ rántí pé ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orúkọ tó le ní November 2021, ìjọba kan náà sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di July 2023, ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ìjọba Èkó ti ya owó sọ́tọ̀ láti sin òkú 103 tí wọ́n kó jọ nígbà rògbòdìyàn EndSARS. Ìjọba ní kì í ṣe Lekki ni wọ́n ti kó wọn, pé káàkiri Èkó ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni o. Òkú 103 ni síbẹ̀, a kò sì mọ orúkọ wọn. Ìbínú tó bí wa lọ́jọ́ yẹn, òun ni ọmọbìnrin Asaba yẹn ti ń gbé kiri láti ọmọdé rẹ̀, ó sì tún ní láti máa fi ọ̀wọ̀ pè wá ní ẹ̀gbọ́n.

Odi náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù November 1999, lẹ́yìn tí àwọn jàǹdùkú pa ọlọ́pàá méjìlá, àwọn sójà wọ ìlú Odi ní ìpínlẹ̀ Bayelsa, wọ́n sì sun ún lulẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹ̀mí. Ọmọ Abẹ́òkúta ló wà lórí àga ààrẹ. Ní 2013 ilé ẹjọ́ gíga kan ní kí ìjọba àpapọ̀ san bílíọ̀nù 37.6 náírà fún wọn. Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ Odi rí ní ibi ìpàdé Yorùbá? Àwọn kan nínú wa kò tilẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ Ìtàn rárá, nítorí ní nǹkan bí 2009 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ilé ìwé kékeré, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí ìjọba tó ní kí wọ́n dá a padà. Ẹni tí kò kọ́ Ìtàn, WhatsApp ni yóò kọ́ ọ.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Armenia ní 1915, ìjọba Tọ́kì kò tí ì pè é lórúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní 1994, bí wọ́n ti ń pa àwọn Tutsi ní Rwanda lójoojúmọ́, àwọn agbẹnusọ ìjọba Amẹ́ríkà ń yí ọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n má bàa pè é ní ìparun ẹ̀yà, nítorí orúkọ náà ìbá béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Jámánì nìkan ni a sábà máa ń yìn pé wọ́n jẹ́wọ́, àwọn náà kò sì jẹ́wọ́ ti àwọn Herero àti Nama ní Namibia títí di 2021, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Lọ́dọ̀ tiwa, Ìgbìmọ̀ Oputa gbọ́ ẹjọ́ Asaba lẹ́yìn 1999. Wọ́n parí iṣẹ́ wọn ní 2002, ìjọba kò sì tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Ní ọdún 2002 kan náà, Ọ̀gágun Gowon lọ bẹ àwọn ará Asaba. Ó pẹ́, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé dídákẹ́ ni ìwà Yorùbá. Ní ọjọ́ 29 oṣù July 1966, Adékúnlé Fájuyì ọmọ Adó-Èkìtì kú pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Ironsi, tí wọ́n wá mú nílé ìjọba ní Ìbàdàn. Wọlé Ṣóyínká lọ bá Ojúkwu sọ̀rọ̀ kí ogun lè dáwọ́ dúró, ìjọba àpapọ̀ sì tì í mọ́lé láti 1967 títí di 1969. Àwọn méjèèjì yìí kò sọ pé oúnjẹ ń tutù.

A ti bẹ ọmọbìnrin náà. Ó ní kò sí nǹkan, pé òun kò bínú. A mọ̀ pé ohun tí ọmọ tí a kọ́ ń sọ nìyẹn. Ó ní ìyá àgbà òun ṣì wà láàyè ní Asaba, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bí a bá fẹ́, òun yóò pè é lórí fóònù níṣojú wa, òun yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wa.

Nítorí náà, a ń gbé nǹkan méjì síwájú ẹgbẹ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Èkíní ni pé kí a gbà á láyè, kí a pe ìyá àgbà náà, kí a sì gbọ́ ọ dé òpin láìjẹun. Èkejì ni pé kí ẹni tí baba rẹ̀ tàbí baba àgbà rẹ̀ bá ṣe sójà nígbà ogun náà pè é kí ìpàdé tó dé, kí ó bi í pé, "Bàbá, lẹ́yìn Òrè ńkọ́?" Àwọn mẹ́ta ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹni tó bá lòdì sí i, kí ó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa. A kò ní pa á lẹ́nu mọ́. Ilé kan náà ni, ní Al Nahda, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ tètè kúrò ní Dubai nítorí ọkọ̀.